Ohun Tí Sèlíátù Sọ Nípa Oorun Ọkọ Rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́ lódì: òjòwú ni Sèlíátù, ìyá Tawheed, aládùúgbò mi. N kò fi ẹ̀sùn kàn án. Bó ṣe pupa lára ló ṣe jowú, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ní Koko, àdúgbò wa, tí yóò ní irọ́ ni mo pa. Àwọn àgbà ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Tirẹ̀ yàtọ̀: ó lẹ́ran láyà, ó lẹ́ran nídìí, owú kò dí i lọ́nà ọ̀fun rí. Ẹ̀fẹ̀ ni mò ń ṣe o, ọ̀rẹ́ mi ni. Láti ìgbà tí àwa méjèèjì ti jẹ́ ìyàwó tuntun la ti jọ ń gbé nínú àgbàlá kan náà, ògiri tó wà láàárín yàrá wa kò sì nípọn.

Ìlú Bouaké níbí ni wọ́n bí i sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá, ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ló ń tà, ìyá rẹ̀ sì ń ta abọ́. Nígbà tí Sèlíátù wà lọ́mọdé, bí wọ́n bá dáṣọ Iléyá fún òun àti Sèfíyátù àbúrò rẹ̀, tí ti àbúrò bá fi díẹ̀ tàn ju tirẹ̀ lọ, ẹnu ọ̀nà ni yóò dùbúlẹ̀ sí, kí ẹnikẹ́ni má baà lè jáde lọ fi aṣọ náà han ará àdúgbò. Ìyá rẹ̀ á ní, "Ọlọ́run mi, ta ni yóò fẹ́ èyí?" Ẹni tó fẹ́ ẹ wá. Àmọ̀sù ni.

Yorùbá ni bàbá Àmọ̀sù, Baoulé, ọmọ onílẹ̀ ibí, ará Languibonou ni ìyá rẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè bi í pé níbo ló ti wá. Nígbà tí ogun pín ilẹ̀ yìí sí méjì, tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ gba Bouaké, tí ilé ìwé tì, ó lọ gbé ìbọn bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ogun parí, ìjọba sọ wọ́n di sójà gidi. Ó fẹ́ Sèlíátù ní mọ́sálásí, ó tún fẹ́ ẹ ní mérì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, níwájú ọ̀gá tó so ọ̀já aláwọ̀ mẹ́ta mọ́yà. Àwòrán ọjọ́ náà kọjú sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ títí dòní. O ò lè wọlé kí o má kọ́kọ́ kí i.

Ìsọ̀ ìyá rẹ̀ ló jogún. Garawa, ọpọ́n rọ́bà, búta àlùwàlá àti ẹní rọ́bà ló ń tà. Bí oníbàárà bá fi Dioula nájà, Dioula ni yóò fi dá a lóhùn. Bó bá yí i sí Baoulé, yóò bá a débẹ̀. Bí wọ́n bá pè é ní Anago, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbí, á ní, "Èmi náà ni o, Anago tó ń ta garawa tí ẹ fi ń wẹ̀." Ọwọ́ rẹ̀ le nínú ọjà, ẹnu rẹ̀ mú, ilé rẹ̀ mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí kò lè fara dà ni kí nǹkan tó jẹ́ tirẹ̀ máa wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Àfi ìgbà tí Àmọ̀sù fẹ́ Muhsinah, ọmọge tó ń ta ọṣẹ àti ìpara. Ó gba yàrá fún un ní Dar-es-Salam, àdúgbò tó jìnnà sí tiwa. Òfin ìlú yìí ò gbà kí ọkùnrin mú ju obìnrin kan lọ sí mérì, nítorí náà mọ́sálásí nìkan ni wọ́n ti so ti Muhsinah. Ibẹ̀ ni Sèlíátù rọ̀ mọ́. "Ààfáà ló mọ̀ ọ́n," ló máa ń wí. "Èmi ni ìjọba mọ̀."

Bí àwọn orogún ṣe ń ṣe náà ni wọ́n ń ṣe: ẹni tó bá kàn láti dáná fún ọkọ ló ni oorun rẹ̀. Ọjọ́ méjì níbí, ọjọ́ méjì lọ́hùn-ún. Bó bá ti kan Koko, òórùn ata díndín ni yóò jí gbogbo àgbàlá, Sèlíátù á máa kọrin, á máa kí ẹni tí kò kí i. Èmi tí ọkọ mi ti kú á jókòó sí ẹnu ọ̀nà mi, n ó máa fa òórùn náà símú. Kí n má tàn yín, èmi náà jowú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Orogún kì í ṣe ohun tó dára, ṣùgbọ́n ìdajì ọkọ sàn ju àga òfìfo lọ.

Wọ́n wá kó Àmọ̀sù lọ sí Mali pẹ̀lú àwọn sójà tó ń lọ pẹ̀tù sí ogun lọ́hùn-ún. Owú tẹ̀lé e débẹ̀. Bó bá pè lórí fóònù, ohun àkọ́kọ́ tí Sèlíátù máa bi í ni, "Ta lẹ kọ́kọ́ pè?" Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ tó ṣáájú tiwọn gun bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. A gbọ́ ọ lórí rédíò, gbogbo àgbàlá ń sunkún. Nígbà tí Àmọ̀sù pè, kò sọ ju pé òun wà láàyè lọ, ó sì pa fóònù. Sèlíátù nu ojú, ó ní, "Ó ti pe ti Dar-es-Salam kó tó pè mí. Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ti rẹ ohùn rẹ̀?"

Ó dé. A pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, a pa àgbò, àwọn ọmọ rọ̀ mọ́ ọn. Àmọ́ ọkùnrin tó lọ kọ́ ló bọ̀. Ó gbé àga rẹ̀ kúrò níbi tó máa ń wà, ó gbé e ti ògiri, ó sì kọjú sí ọ̀nà àbájáde. Èmi rò pé atẹ́gùn ló ń wá. Sèlíátù ní, "Ẹnu ọ̀nà ló ń wò. Ara rẹ̀ ń yá láti lọ bá ti Dar-es-Salam." Alùpùpù bá dún lójú pópó, Àmọ̀sù á dìde fùú. Sèlíátù á ní, "Ẹ wò ó, ó rò pé ẹni yẹn ló ń bọ̀." Garawa kan já lulẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọkùnrin náà jágbe mọ́ Tawheed débi pé ọmọ náà tọ̀ sára, ọmọkùnrin tó ti ń hu irun àgbọ̀n. Sèlíátù ní, "Kò fẹ́ràn àwọn ọmọ mi mọ́. Ti ẹni yẹn ló ń dúró dè." Kò jẹ ẹran sísun mọ́, òórùn rẹ̀ ń lé e jáde. Sèlíátù ní ìgbín tí Muhsinah ń sè fún un ló jẹ́ kó kọ ẹran.

Èyí tó wá burú jù ni ti oorun. Láti ọjọ́ tí Àmọ̀sù ti dé, kò sùn ní Koko. Bó bá kan Sèlíátù, yóò jẹun, yóò kírun, yóò ní òun ní gáàdì ní kámpù, ó di ìdájí. Bí ó ti ń ṣe nìyẹn. Sèlíátù ń dáná, ó ń kun àtíkè, ó ń tẹ́ aṣọ funfun sórí ibùsùn, ọkọ rẹ̀ sì ń lọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni bí kò ṣe èmi. Síta, ẹ̀rín ló ń rín. Bí àwọn obìnrin ọjà bá fi í ṣeré pé ọkọ tó ti ogun dé kì í jẹ́ kí ìyàwó sinmi, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀, ìbàdí ń dùn mí." Mo máa ń wo ilẹ̀ tó bá ti sọ bẹ́ẹ̀.

Ìgbà náà ni ti ìdánwò dé. Ní kámpù, wọ́n gbé e kalẹ̀ fún àwọn tó ti Mali dé. Kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe ti ìtọ̀. Ìbéèrè ni. Ṣé ò ń sùn? Ṣé àlá ibi tí o ti wá ń jí ọ? Bí nǹkan bá dún, ṣé àyà rẹ ń já ju bó ṣe yẹ? Ṣé ò ń sá fún èrò? Èsì yẹn ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí ogun ṣì ń jà nínú rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò dúró gba ìtọ́jú. Ẹni tí wọ́n bá ní ara rẹ̀ dá, ó lè padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì ń kó sójà lọ sí ẹnubodè àríwá lásìkò náà, níbi tí àwọn agbésùnmọ̀mí ti ń yọ́ wọlé.

Àwọn sójà ti kọ́ ara wọn lésì. Ohunkóhun tí wọ́n bá bi ọ́, rárá ni kí o sọ, nítorí ẹni tó bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa pè é ní fú, ìyẹn wèrè. Àmọ̀sù sọ rárá láti òkè délẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ìdánwò náà kì í ṣe òmùgọ̀, wọ́n ní kí aya sójà kọ̀ọ̀kan wá sọ ohun tó ń rí nílé. Aya tí wọ́n sì mọ̀ ni ti mérì.

Ẹ ò rí bí Sèlíátù ṣe múra lọ́jọ́ náà! Ó wọ léèsì, ó ní kí n bá òun lọ. Gbogbo ọ̀nà ló ń sọ ọ́ pé wọn ò ránṣẹ́ sí Dar-es-Salam, wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ń gbé ibẹ̀.

Nǹkan tó ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ni pé àwọn ọ̀gá kámpù fẹ́ ṣe wá lóore. Wọ́n rí i pé Yorùbá ni Sèlíátù, wọ́n bá ní kí ọmọ Yorùbá tó wà láàárín àwọn dókítà ọkàn náà gbà á, kó lè fi èdè ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ fàlàlà. Clarisse ni orúkọ rẹ̀. Ta wá ni ìyá Clarisse? Fọlákẹ́mi ni, onígbàgbọ́ tó ń ta ọjà lódidi ní Commerce, àdúgbò àwọn oníṣòwò, ọwọ́ rẹ̀ gan-an ni Sèlíátù ti ń ra garawa. Bó bá jẹ́ Baoulé ni wọ́n fi sí i, ọ̀rẹ́ mi ì bá sọ òótọ́, kó fun imú, kó máa lọ sílé. Ta ló ń tijú ẹni tí kò mọ ilé rẹ̀? Ọmọ ẹni tí a jọ ń nájà ni a ń tijú.

Clarisse kúnlẹ̀ díẹ̀, ó kí wa dáadáa. "Ẹ káàárọ̀, Tàǹtí. Ẹ má bínú tí mo bá ń bi yín ní nǹkan ilé. Iṣẹ́ ni." Ó rọra bẹ̀rẹ̀. "Ṣé wọ́n ń sùn dáadáa?"

Sèlíátù fọwọ́ tẹ́ léèsì rẹ̀ sórí itan. Mo mọ ohun tó ń kọjá lọ lórí rẹ̀. Bó bá ní òun ò mọ̀, ọmọ yìí á bi í pé kí ló dé tí kò fi mọ̀. Bó bá sọ ìdí rẹ̀, ó di ti Fọlákẹ́mi, ó di ti Commerce, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti dé etí Muhsinah pé ìyàwó mérì ti di ẹni àpatì.

"Oorun kẹ̀?" ló bá wí. "Bí ọmọ tó mu ọmú yó ni. Bó bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀ báyìí, ó di àárọ̀."

"Wọn kì í lá àlá burúkú?"

"Ẹ̀rín ló ń rín lójú oorun."

"Ṣé wọ́n máa ń ta gìrì?"

"Nítorí kí ni? Apá mi ló ń gbé orí lé."

Clarisse wo tábìlì, ojú ń tì í. "Ẹ forí jì mí, Tàǹtí. Ṣé wọ́n ń sún mọ́ yín bíi ti tẹ́lẹ̀?"

Sèlíátù tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Ọmọ mi, ó ti ń pọ̀ jù. Mo ní kó jẹ́ n sinmi."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́, ó ní òun yọ̀ fún wọn. Mo la ẹnu, Sèlíátù fi gìgísẹ̀ tẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi títí a fi dìde.

Lójú ọ̀nà ni mo ti dojú kọ ọ́. Inú ń bí mi. "Ìyá Tawheed, kí lo ṣe yẹn?"

"Kí ni ìwọ ì bá sọ, Ìyá Junior? Kí n ní ọkọ mi ò wọ yàrá mi? Kí Muhsinah gbọ́, kó máa fò sókè?"

"Bí wọ́n bá wá kó o padà sí ogun ńkọ́?"

Ó yíjú sí mi, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Kí wọ́n kó o lọ. Bí kò bá ní sùn lọ́dọ̀ mi, kó má sùn lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni."

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, n kò fi iyọ̀ sí i. Mo fi í sílẹ̀ sẹ́yìn títí a fi délé.

Wọ́n kó orúkọ jáde. Àmọ̀sù wà lára àwọn tó ń lọ sí ẹnubodè, wọ́n máa gbéra lẹ́yìn Jímọ́ọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún Sèlíátù lórí oúnjẹ ọ̀sán. Mò ń ṣa ìrẹsì lẹ́bàá ilẹ̀kùn, mo gbọ́ ọ. Ó ní, "Wọ́n ní ara mi dá. Wọ́n ní ìwọ lo jẹ́rìí sí i." Ó wò ó lójú. "O ṣeun." Kò bínú, kò yọ̀, ó fọwọ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Sèlíátù fi oúnjẹ tirẹ̀ sílẹ̀. Ó wá bá mi, ó ní ì bá tẹ́ òun lọ́rùn kí ó gbá òun létí.

Ọjọ́ kejì, tí oòrùn ṣì mú, ẹnì kan kí wa lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá. Muhsinah ni. Kò wá sí Koko rí. Ó gbé ìborùn mọ́ ọrùn pẹ́kípẹ́kí nínú ooru yẹn, ó kúnlẹ̀ kí ìyálé rẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀sán, Ìyá Tawheed. Mi ò wá jà."

"Ẹni tí kò wá jà kì í sọ pé òun ò wá jà," ni Sèlíátù dá a lóhùn. Kò ní kó jókòó. Ó ń wò ó láti òkè délẹ̀, ó ń wá ibi tí Muhsinah ti rẹwà ju òun lọ.

"Ẹ lọ sọ fún wọn kí wọ́n má mú ọkọ wa lọ. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ara rẹ̀ dá. Ẹ̀yin tí ẹ ń sùn tì í, ṣé ẹ ò rí i ni?"

"Tún un sọ."

"Mo ní ẹ̀yin tí ẹ ń sùn tì í."

"Èmi?" Sèlíátù dìde. "Èmi ni mò ń sùn tì í? Ìwọ yìí, o wá fi mí ṣẹlẹ́yà nínú ilé mi! O gba ọkọ mọ́ mi lọ́wọ́, o gba ọjọ́ tèmi mọ́ tìrẹ, kò fẹ̀yìn kan ibùsùn mi láti ọjọ́ tó ti dé, o tún wá bi mí..."

Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ohun tó fi gèlè àti léèsì bò mọ́lẹ̀ ní kámpù, ó ti dà á sílẹ̀ níwájú ẹni tí kò fẹ́ kó gbọ́ rárá.

Muhsinah kò fò sókè. Ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ó rọra tú ìborùn ọrùn rẹ̀, a sì rí ojú ìka tó ti ń ṣá lọ. "Ìgbà tó dé, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sùn lọ́dọ̀ mi. Ó fún mi lọ́rùn lójú oorun, ó ń pe ẹnì kan tí mi ò mọ̀. Nígbà tó jí, ó sunkún, ó jáde, kò sùn síbẹ̀ mọ́. Bó bá wá lójúmọmọ, ìborùn ni mo fi ń bò ó kí ó má baà rí i. Mo ní ó ti lọ bá ìyálé, ìyálé ló mọ̀ ọ́n tọ́jú. Mo jowú yín, Ìyá Tawheed. Mo fi yín gégùn-ún. Bí àwọn oníbàárà bá bi mí, mo máa ń ní ọ̀dọ̀ mi ló ń sùn."

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi, n kò lè dá a dúró. Obìnrin méjì ń fi ọkọ tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn yangàn fún ara wọn láti òpin ìlú kan dé èkejì! Muhsinah náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. Sèlíátù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń ronú. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Níbo ló wá ń sùn?"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Mo rí i bí èrò kan náà ṣe wọ ojú wọn papọ̀.

"Ó ti ní ẹ̀kẹta," ni Muhsinah wí.

"Ó ti ní i," ni Sèlíátù wí, ó ń wá bàtà rẹ̀.

N kò rí orogún tó fìmọ̀ ṣọ̀kan báyẹn rí. Ọ̀dọ̀ Sọ̀fíyù ni wọ́n darí sí, ọ̀rẹ́ Àmọ̀sù tó ń ta táyà alùpùpù ní Commerce, pé òun ni yóò mọ ilé àlè náà. Èmi ń sáré tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Sọ̀fíyù kọ́kọ́ búra, ó ní òun ò mọ nǹkan kan. Sèlíátù di aṣọ rẹ̀ mú níwájú àwọn oníbàárà. Ó wá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù fún wa.

Kò sí obìnrin níbẹ̀. Táyà ló kún ibẹ̀ dé òkè àjà. Láàárín táyà náà ni wọ́n tẹ́ páálí sí, ẹní rọ́bà wà lórí rẹ̀, aṣọ sójà kan sì ká sí ibi ìrọ̀rí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ọ̀rẹ́ mi. Ohun àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ọwọ́ ta ló ti ra ẹní yìí? Èmi ni mò ń ta ẹní!"

"Ìyá Tawheed," ni Sọ̀fíyù wí, "ó ní kí n máa ti ilẹ̀kùn mọ́ òun láti ìta. Ẹ̀rù ń bà á kí ó má lọ pa èèyàn lójú oorun. Mo ní kó lọ sùn lọ́dọ̀ yín, ó ní ọmọ yín kékeré, Qoreebah, lẹ ń gbé sùn. Ó ní bí òun bá fún un lọ́rùn ńkọ́, ọrùn rẹ̀ ò ju ọwọ́ òun lọ."

Sèlíátù jókòó sórí táyà kan. Ó fi ọwọ́ kan aṣọ sójà náà, ó sì fa ọwọ́ padà. Ó ń ronú nípa Qoreebah, ó ń ronú nípa ohun tó sọ fún mi lójú ọ̀nà kámpù. Mo mọ̀, nítorí ó gbójú sókè wò mí, mo sì gbójú kúrò.

"Ẹ jẹ́ ká lọ bá ọmọ Fọlákẹ́mi," ló wí.

Ṣọ́ọ̀bù Fọlákẹ́mi wà lójú ọ̀nà. Obìnrin náà rí wa, ó ké sí wa pé garawa tuntun ti dé. Sèlíátù kí i, kò dúró. Ní ẹnu géètì kámpù, sójà tó ń ṣọ́nà ní aya nìkan ló lè wọlé, ta ni aya nínú wa? Mo rò pé yóò yọ ti mérì rẹ̀. Ó fa Muhsinah mọ́ra. Ó ní, "Aya ni mí, aya lòun náà. Èyí tó kù, ẹlẹ́rìí." Sójà náà wo ojú rẹ̀, ó ṣí ọ̀nà fún wa.

Clarisse ń kó ẹrù rẹ̀ láti máa lọ sílé. Ó tún kúnlẹ̀. Sèlíátù kò jẹ́ kó kí wa tán.

"Ọmọ mi, irọ́ ni mo pa fún ẹ. Tún ìbéèrè oorun yẹn bi mí."

Clarisse wò ó, ó jókòó. "Ṣé wọ́n ń sùn dáadáa, Tàǹtí?"

"N ò mọ̀. Kò sùn lọ́dọ̀ mi láti ọjọ́ tó ti dé. Ojú ló tì mí." Òógùn bò ó, ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń gbé ẹrù sọ̀ kalẹ̀. "Orogún mi nìyí. Òun ló mọ̀ díẹ̀. Bó bá wù ẹ́, lọ sọ fún ìyá rẹ."

"Ohun tí ẹ bá sọ níbí, ìyá mi ò ní gbọ́," ni Clarisse wí. "Ẹ̀bi mi ni. Ó yẹ kí n ti sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn kí n tó bi yín ní nǹkan kan."

Muhsinah tú ìborùn. Sèlíátù sọ ti àga, ti alùpùpù, ti garawa tó já, ti ẹran sísun. Gbogbo ohun tó ti kà sí ìfẹ́ orogún ló ń tò kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bó sì ṣe ń tò ó, òun fúnra rẹ̀ ń gbọ́ ọ lọ́tun. Clarisse ránṣẹ́ pe Àmọ̀sù.

Ó wọlé, ó rí ìyàwó rẹ̀ méjèèjì lórí ìjókòó kan, ó dúró gbagidi. Clarisse bẹ̀rẹ̀ ìdánwò láti òkè. Ṣé ẹ ń sùn? Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, dáadáa." Sèlíátù sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, "Bàbá Tawheed, a ti dé ọ̀dọ̀ Sọ̀fíyù." Ọkùnrin gàgàrà yẹn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kì í ṣe sórí àga, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

Clarisse ní kò ní lọ sí ẹnubodè, òun yóò bá ọ̀gá rẹ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ìtọ́jú ni ó máa gbà, yóò sì pẹ́. Ó wá ní kí àwa obìnrin jáde díẹ̀.

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tó ṣe, a gbọ́ ohùn Àmọ̀sù. Ó ń sọ̀rọ̀. A ò gbọ́ ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́ lọ, ó ń dúró, ó tún ń bẹ̀rẹ̀, Clarisse kàn ń sọ pé hẹn, hẹn. Mo wo Sèlíátù. Etí rẹ̀ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Gbogbo ọdún tí mo fi wà nílé rẹ̀," ló wí, "kò bá mi sọ̀rọ̀ tó báyìí rí."

"Èmi náà," ni Muhsinah wí. "Ọmọge lásán. Kí ló fi jù wá lọ? Ẹ jẹ́ ká wọlé, Ìyá Tawheed."

Sèlíátù dìde lóòótọ́. Ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Nígbà náà ni Àmọ̀sù bú sẹ́kún nínú ilé lọ́hùn-ún, ẹkún tó le, tí kò sun irú rẹ̀ lójú ẹnikẹ́ni nínú wa láti ìgbà tó ti dé. Ọ̀rẹ́ mi dúró síbẹ̀. Owú ń jẹ ẹ́.

Ó jọ̀wọ́ ilẹ̀kùn, ó padà wá jókòó ti orogún rẹ̀.

"Fi wọ́n sílẹ̀," ló wí. "Jẹ́ kó sọ ọ́ fún un tán."